Ìlà-oòrùn Ni Kí Ojú Wà: Kíka Àwọsánmà àti Àsọtẹ́lẹ̀ Òjò Nílẹ̀ Yorùbá

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, ìyá kan sá iṣu tó bọ̀ fún èlùbọ́ sórí àpáta lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní ìgbèríko Ìbàdàn. Atẹ́gùn ń rọra fẹ́ láti apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, bó ṣe máa ń fẹ́ lásìkò náà. Ìyá wo apá ibẹ̀, ó rí i pé ó mọ́ roro, ó bá wọlé lọ ro àmàlà. Kò tíì gbé ìkòkò kúrò lórí iná tí atẹ́gùn yẹn fi dákẹ́, tí òmíràn sì ti ẹ̀yìn ilé já wọlé, tó tutù bí omi inú àmù, tó ń gbé ewé àti eruku yí ká. Kí ó tó sáré dé orí àpáta, iṣu ti rin gbingbin. Ìlà-oòrùn ni òjò gbà wọlé, ibi tí kò yíjú sí.

Ẹnikẹ́ni lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ó bọ́gbọ́n mu kí èèyàn rò pé ibi tí atẹ́gùn ń gbà fẹ́ ni òjò yóò gbà wá, ọmọ Yorùbá tó ń gbé London tó bá sì ń fi ìwọ̀-oòrùn ṣọ́ òjò kì í sábà ṣìnà. Ṣùgbọ́n nílé, láti Èkìtì dé Kétu àti Ṣábẹ̀, atẹ́gùn méjì ló wà lórí ara wọn lásìkò òjò. Èyí tó ń kan ara èèyàn ń ti òkun bọ̀, ó sì ru omi. Èyí tó wà lókè, ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4 sí ilẹ̀, ń sáré láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ti ìsàlẹ̀ ló ń gbé omi wá. Ti òkè ló ń da ìjì, bí darandaran ṣe ń da màlúù.

Orí ìwé yìí wà fún ẹni tó ní ohun tí òjò lè bà jẹ́, tàbí ohun tí àìrọ̀ òjò lè pa: ẹni tó sá nǹkan sóòrùn, ẹni tó ń fi kánópì ṣòwò, ẹni tó fẹ́ da ṣìmẹ́ǹtì sórí òrùlé, ẹni tó fẹ́ gbin àgbàdo, ẹni tó fẹ́ gun ọ̀kadà láti Ọ̀yọ́ dé Ìsẹ́yìn. Kò sí ohun èlò olówó ńlá kankan tí ó nílò. Ojú, fóònù, agolo kan, àti ìwé ìkọ̀wé tó.

Omi tó ń ti òkun bọ̀

Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, ọyẹ́ ló ń pàṣẹ. Atẹ́gùn gbígbẹ yìí ń ti Sàhárà bọ̀, ó sì ń kó eruku Bodélé dání, ilẹ̀ adágún odò tó ti gbẹ láti ayébáyé ní orílẹ̀-èdè Chad, tí kò sí ibòmíràn láyé tó ń tú eruku sókè tó o. Bí ọdún ṣe ń lọ, atẹ́gùn òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í padà. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kìn-ín-ní, kò jìnnà sí etíkun. Tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, ó ti gòkè lọ sí nǹkan bí ìlà 20 ní àríwá, nínú aṣálẹ̀ gan-an.

Òjò kì í rọ̀ lójú ààlà yẹn. Atẹ́gùn olómi kò nípọn níbẹ̀. Ńṣe ló wọ abẹ́ ti gbígbẹ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ibùsùn. Ó di ìgbà tí èèyàn bá rìn wọ gúúsù ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan kí ó tó nípọn tó ohun tí àwọsánmà ńlá lè fi gòkè. Ìdí nìyẹn tí ará Èkó fi lè máa làágùn ní oṣù Kejì sí Kẹta, tí aṣọ ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí ojú ọ̀run kò sì fún un ní ẹ̀kán kan.

Nọ́ńbà kan wà lórí fóònù tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò. Orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ni dew point, ìyẹn ìwọ̀n ooru tí atẹ́gùn gbọ́dọ̀ tutù dé kí ìrì tó sẹ̀. Òun ló ń sọ bí omi ṣe pọ̀ tó nínú atẹ́gùn láìfi oòrùn ọ̀sán tan èèyàn jẹ. Bó bá wà lábẹ́ dígírì 15 lórí òdiwọ̀n Celsius, ọyẹ́ ló ni ìlú. 15 yẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń fa ààlà láàárín atẹ́gùn méjèèjì lórí àwòrán ilẹ̀. Bó bá ti lé ní 22, omi ti wà nílẹ̀, ohun tó kù ni kí nǹkan kan gbé e sókè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá eruku ọyẹ́ ló bo ìlú lówùúrọ̀ tàbí kùrukùru omi, kí ó wo nọ́ńbà yìí, tàbí kí ó kàn fọwọ́ kan ojú gíláàsì ọkọ̀: kùrukùru ń tutù lọ́wọ́, ọyẹ́ ń fi eruku sílẹ̀.

Òkè méjì ni òjò ìhà gúúsù ń gùn lọ́dún. Èkíní wà ní oṣù Kẹfà sí Keje, èkejì ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, àwọn àgbà sì ti fi Ọ̀wàrà sọ oṣù Kẹwàá lórúkọ kí ẹ̀rọ tí ń wọn òjò tó dé ilẹ̀ yìí. Àárín wọn ni ohun tí gbogbo ayé ń pè ní August break. Lásìkò yẹn, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun Guinea, atẹ́gùn tó gba orí rẹ̀ kọjá á tutù, á wúwo, kò ní fẹ́ gòkè mọ́. Ìgbànú òjò fúnra rẹ̀ náà á ti ṣí lọ sí àríwá. Etíkun tó lọ láti Cotonou sí Lomé ń jìyà omi tútù yìí ju Èkó lọ. Òjò tí Lomé ń rí lọ́dún kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ti Èkó, bẹ́ẹ̀ orí òkun kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí.

Ẹni tó ń gbowó láti dá òjò dúró níbi ìnáwó kì í kọ iṣẹ́ oṣù Kẹjọ. Òwò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìsinmi yìí kì í ṣe ìlérí. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún, tó sì gbé ilé àti èèyàn lọ ní Ìbàdàn. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni omi tún ya bo ìlú náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn òjò ní ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, ka mìlímítà 187.5, ẹ̀mí tó sì bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Nínú ìsinmi òjò ni méjèèjì ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó kọ́lé sétí odò kò gbọdọ̀ fi kàlẹ́ńdà sùn.

Òwú, ẹní, ìyẹ́ àti olú

Oògùn ni Luke Howard ń ṣe tà ní London. Nígbà tí ọdún 1802 ń parí lọ, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ kékeré kan, ó ka ìwé nípa àwọsánmà, ó sì fi èdè Látìn sọ wọ́n lórúkọ: cumulus, òkìtì; stratus, èyí tó tẹ́; cirrus, ìdì irun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwé náà jáde. Lórí ìpìlẹ̀ yẹn ni àwọn onímọ̀ gbogbo àgbáyé ti pín àwọsánmà sí ọ̀nà 10 lónìí. Fún ẹni tó sá èlùbọ́, mẹ́rin tó.

Èkíní ni ti òwú, cumulus. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá òwúrọ̀, bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn ń gòkè, ó ń tutù bó ṣe ń lọ, oru omi inú rẹ̀ á dì di ẹ̀kán kéékèèké. Ìdí àwọsánmà náà máa ń tẹ́ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, nítorí pé gíga kan náà ni gbogbo wọn ti ń dì. Kí èèyàn má wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Kí ó wo bí wọ́n ṣe ga. Bí wọ́n bá fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ga lọ, tí wọ́n sì ń tú ká lójú ọ̀run, aṣọ lè wà lórí okùn. Bí aago mọ́kànlá kò bá tíì lù tí wọ́n ti ga ju bí wọ́n ṣe fẹ̀ lọ, tí orí wọn ń wú bí orí àkàrà nínú epo gbígbóná, ọ̀sán kò ní rọgbọ.

Nítòsí òkun, wọ́n ní ìwà tiwọn. Atẹ́gùn òkun máa ń ti ìlà àwọsánmà òwú kúrò létíkun wọ inú ilẹ̀ lọ́sàn-án, tó fi jẹ́ pé òjò lè máa na Ìfọ̀ àti Ṣágámù nígbà tí ẹni tó wà ní Ọbàléńdé ń wá ibòòji.

Ti ẹní ni stratus, èyí tó tẹ́ bo gbogbo ojú ọ̀run bí eérú. Òun ló ń dẹ́rù ba èèyàn jù ní oṣù Keje, bẹ́ẹ̀ òun ni kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ òjò. Ìlú Yorùbá méjì kópa nínú bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní oṣù Kẹfà sí Keje ọdún 2016, iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní DACCIWA gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ibi mẹ́ta: Kumasi ní Ghana, Ṣábẹ̀ ní Benin, àti Ilé-Ifẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta sì ń fò láti Lomé lọ wọ inú àwọsánmà náà. Wọ́n rí i pé atẹ́gùn tútù láti òkun máa ń wọ inú ilẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, tó máa ń sáré lóru ní ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan sí ilẹ̀; ìtutù rẹ̀ á sọ oru omi di àwọsánmà kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí oòrùn bá ti gbóná tó, ní nǹkan bí ọ̀sán, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ohun tí ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ yóò mú níbẹ̀ ni pé ojú ọ̀run tó ṣú láti ìdájí ní oṣù Keje, tí atẹ́gùn sì parọ́rọ́, òjò winniwinni ni agbára rẹ̀ mọ lọ́pọ̀ ìgbà. Má torí òjò ṣú da omi agbada nù, bí àwọn àgbà ṣe ń wí. Àwọsánmà yìí gan-an ló dà bíi pé wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó ní páànù oòrùn fún iná mànàmáná náà ní láti mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló ń jẹ òwúrọ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́ láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án.

Ti ìyẹ́, cirrus, kò gba àlàyé púpọ̀. Yìnyín wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ó ga réré, ó sì máa ń fi òrùka yí òṣùpá ká. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òrùka yẹn lè jẹ́ àmì pé òjò ń bọ̀ lọ́la. Níbí, ó sábà máa ń jẹ́ àjẹkù ìjì tó ti rọ̀ tán níbòmíràn. Kí èèyàn gbádùn ẹwà rẹ̀, kí ó má fi ṣe ìpinnu.

Èkẹrin ni olú, cumulonimbus, baba gbogbo wọn. Àwọsánmà òwú tí kò rí ẹni dá a dúró ló ń di olú. Lórí ilẹ̀ Yorùbá, ó lè ga ju kìlómítà 15 lọ, ó ju ibi tí ọkọ̀ òfuurufú akérò ń fò lọ. Nígbà tó bá débi tí kò lè gòkè mọ́, orí rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Yàtọ̀ sí òjò, ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́rin ló ń ti inú rẹ̀ jáde: àrá, mànàmáná, ẹ̀fúùfù líle, àti lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yìnyín.

Bí ẹ̀kán ṣe ń di òjò

Ẹ̀kán omi inú àwọsánmà kéré débi pé ó gbà tó mílíọ̀nù kan kí ó tó di ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo. Wọn kì í wúwo tó láti bọ́ sílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń fò káàkiri. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dàgbà. Nínú àwọsánmà tí kò ga púpọ̀, wọ́n ń kọ lu ara wọn, ńlá ń gbé kékeré mì, títí tí yóò fi wúwo. Nínú olú, òkè tutù débi pé omi ń di yìnyín, yìnyín náà sì ń fa oru omi tó yí i ká mọ́ra, ó ń tóbi, ó ń já bọ́, ó sì ń yọ́ lọ́nà. Òjò gbígbóná tó na Adó-Èkìtì lọ́sàn-án gangan lè ti jẹ́ yìnyín ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Bí ẹ̀fúùfù inú olú bá lágbára tó láti máa da yìnyín náà padà sókè, á dì léra léra títí kò fi ní ráàyè yọ́ tán, orí páànù ló sì ti máa ròyìn ara rẹ̀.

Èdè Yorùbá ti pín òjò kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ọ̀wààrà ni èyí tó ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni èyí tí ń rọ̀ tí kò mọ ìgbà tó ń dá. Àwọn tó ń fi sátẹ́láìtì wo òjò ń ya oríṣi méjì yìí sọ́tọ̀ gẹ́lẹ́, nítorí apá ibi tí wọ́n ti ń wá lára ìjì yàtọ̀: ọ̀wààrà ń ti ẹsẹ̀ olú wá, àrọ̀ọ̀rọ̀dá ń ti orí rẹ̀ tó tẹ́ lọ sẹ́yìn.

Ìjì tó tò bí ọmọ ogun

Ní oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, àti nígbà tí òjò bá ń parí lọ ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, olú kì í sábà dá wá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti àríwá dé gúúsù, tí ìlà wọn á gùn ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan, wọ́n á sì máa rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Lọ́sàn-án ni púpọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ gíga ìlà-oòrùn, irú bí òkè Jọs àti àwọn òkè tó wà lẹ́bàá Cameroon. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òru tàbí ìdájí ni òjò ńlá ń bá ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ìrìn àjò ló pẹ́.

Wíwá rẹ̀ ní ètò. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ dákẹ́, ooru á mú bíi ti inú ààrò. Ìlà-oòrùn á dúdú, dúdú náà á sì ní etí, bí ọrun ọdẹ tí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn á yí padà lójijì láti ìlà-oòrùn, tútù. Atẹ́gùn yìí ló ń já páànù tó sì ń gbé kánópì, kì í ṣe òjò. Ibi tó ti wá ni inú ìjì fúnra rẹ̀: òjò tó ń rọ̀ gba inú atẹ́gùn gbígbẹ kọjá lókè, apá kan nínú rẹ̀ gbẹ sínú atẹ́gùn náà, ó sì mú un tutù, atẹ́gùn tútù wúwo, ó ya lulẹ̀, ó sì sáré lọ síwájú òjò. Ìwọ̀n ooru lè já wálẹ̀ ní dígírì 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Láti ìgbà tí atẹ́gùn bá ti yí, kò sí àkókò fún ìpàdé. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni ó kù. Ọ̀wààrà á tẹ̀ lé e fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, àrọ̀ọ̀rọ̀dá á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì.

Nítorí pé ìjì yìí ní ọ̀nà àti ìyára tó ṣe é wọ̀n, ó ṣe é ṣọ́ ju gbogbo òjò yòókù lọ. Láti Àkúrẹ́ sí Ìbàdàn, bí ẹyẹ ṣe ń fò, tó nǹkan bíi kìlómítà 140: ó kù díẹ̀ kí ó pé wákàtí mẹ́ta. Láti Ilé-Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, wákàtí kan àtààbọ̀. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó ní Ìbàdàn kí ó wá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan ní Àkúrẹ́ tó máa bá a wojú ọ̀run. Ìpè fóònù kan, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òjò ti dé ọ̀dọ̀ yín?", ṣeyebíye ju àwòrán àwọsánmà kékeré tó wà lójú fóònù kan náà lọ. Kí ó sì rántí bi í ní ìbéèrè kejì: ṣé ó le? Ìjì mìíràn máa ń rẹ̀ lọ́nà, èyí tó gbé páànù ní Àkúrẹ́ lè jẹ́ àrọ̀ọ̀rọ̀dá lásán kí ó tó dé Ifẹ̀.

Mànàmáná ní ìṣirò tirẹ̀. Ìró ń rin kìlómítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kà bí mànàmáná bá kọ, títí àrá yóò fi sán. Bí kò bá tó 30, kí ó wọ inú ilé tàbí ọkọ̀ tó ní òrùlé irin. Kí ó dúró síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn, nítorí àrá ìgbẹ̀yìn ti pa ọ̀pọ̀ ẹni tó yára jáde. Abẹ́ igi àti abẹ́ àtíbàbà ọjà kì í ṣe ibi ìsádi. Ohun yòówù kí oníkálukú gbà gbọ́ nípa Ṣàngó àti ẹdùn àrá, kò sí àwọn méjì tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ abẹ́ igi.

Ohun tí fóònù mọ̀, àti ohun tí kò mọ̀

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ fóònù ti ń gba àsọtẹ́lẹ̀ wọn. Ẹ̀rọ náà pín ayé sí onígun mẹ́rin mẹ́rin. Fún èyí tó jẹ́ ti Yúróòpù, ECMWF, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9, fún èyí tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, GFS, nǹkan bíi 13. Àwọsánmà olú kan lè má fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àfi kí ẹ̀rọ fojú díwọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ibùdó tó ń wọn ojú ọjọ́ kò pọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nítorí náà ibi tí ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀ kò dá ẹ̀rọ lójú. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kan tí púpọ̀ wọn wà ní Karlsruhe, Jámánì, yẹ àsọtẹ́lẹ̀ òjò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò lórí ilẹ̀ olóoru àríwá Áfíríkà. Wọ́n rí i pé bí àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣe ń ti inú ẹ̀rọ jáde, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kí èèyàn kàn sọ iye ìgbà tí òjò sábà máa ń rọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Yorùbá ará London yẹn, tó ń fi fóònù mọ òjò ibẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, tó wá bínú sí i ní Òṣogbo, kí ó má bínú sí fóònù.

Èyí kò sọ ọ́ di ohun àsọnù. Bí ó bá kọ 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tó ń wí ni pé nínú ọjọ́ mẹ́wàá tó bá jọ èyí, mẹ́fà ni òjò á rọ̀ lójú ibi tí èèyàn dúró sí, mẹ́rin kò ní rọ̀. Kò sọ pé òjò á fi ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ọjọ́ rọ̀, kò sì sọ bó ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó fẹ́ da òrùlé kọnkéré kò gbọdọ̀ fi ojú tí ẹni tó fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ fi ń wo 30 wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ ní ṣìmẹ́ǹtì nílẹ̀. Agbòòrùn lásán ni ẹnìkejì máa mú.

Ohun tó wúlò jù lójú fóònù kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ rárá, àwòrán ni. Sátẹ́láìtì Meteosat dúró sójú kan lókè òkun Guinea, ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà sókè, agbègbè wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú rẹ̀ tààrà. Àkọ́kọ́ nínú ìran kẹta rẹ̀ gòkè lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ó ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ní ojú tó ń ka mànàmáná. EUMETSAT, àjọ Yúróòpù tó ni sátẹ́láìtì náà, ń fi àwòrán wọ̀nyí síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní àwòrán tó ń fi ooru hàn, ibi tó funfun jù ni orí àwọsánmà tó ga jù, tó sì tutù jù. Kí èèyàn wá òkìtì funfun tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, kí ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì ní ìdajì wákàtí sí ara wọn, kí ó rí ibi tó ń kọjú sí. Èyí tó wà lórí Lọ́kọ́jà ní aago mẹ́ta ọ̀sán, bí ó bá ń rìn déédéé tí kò rẹ̀, á máa kan ilẹ̀kùn Ìbàdàn ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ìròyìn ojoojúmọ́ NiMet, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 2003, ń sọ̀rọ̀ nípa agbègbè: àríwá, àárín gbùngbùn, inú ilẹ̀ gúúsù, etíkun. Bí olóòtú rédíò bá ka "òjò àti àrá níbi kọ̀ọ̀kan", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibi tí yóò rọ̀ kéré sí ibi tí kò ní rọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè dárúkọ wọn ní òwúrọ̀. Ìwé wọn tó ṣe pàtàkì jù fún àgbẹ̀ ni àsọtẹ́lẹ̀ ọdọọdún tó máa ń jáde nígbà tí ọdún bá bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, àti ibi tí ọ̀dá lè gbà wọ àárín.

Ọ̀dá yìí ló ń pa irúgbìn ju ìpẹ́ òjò lọ. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń tanni: ó rọ̀ ní oṣù Kẹta, gbogbo abúlé gbin àgbàdo, ó sì kúrò nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òdiwọ̀n kan tí àwọn onímọ̀ ń lò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni pé òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ tó mìlímítà 20 láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, láìsí ọ̀dá gígùn nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ kò lè rí ọgbọ̀n ọjọ́ tó ń bọ̀, ó sì lè wọn 20. Kí ó tún wo dew point: bí ó bá ń já sísàlẹ̀ 20 lóòrèkóòrè, atẹ́gùn òkun kò tíì jókòó dáadáa.

Agolo lẹ́yìn ilé

Wíwọn òjò rọrùn ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán láti ìsàlẹ̀ dókè ni èèyàn yóò lò, kì í ṣe èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ. Kí ó gbé e sí gbangba, kí ó jìnnà sí ògiri àti igi ní ìlọ́po méjì gíga wọn bí àyè bá wà, kí ó ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ̀fúùfù má gbé e. Kí ó fi rúlà ọmọ iléèwé ti inú rẹ̀ láàárọ̀, ní aago kan náà lójoojúmọ́, kí ó ka mìlímítà, kí ó da omi nù.

Mìlímítà kan lórí ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan gẹ́lẹ́. Láti ibẹ̀, ìṣirò yòókù ń bọ́ sí ọwọ́ fúnra rẹ̀. Páànù ilé tó jẹ́ mítà mẹ́wàá ní mítà mẹ́wàá, bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sí i, ẹgbẹ̀rún méjì lítà ló ti sàn kúrò lórí rẹ̀: nǹkan bíi dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá. Òjò 187.5 ti ọdún 2011, lórí òrùlé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, jẹ́ 18,750 lítà, bẹ́ẹ̀ òrùlé Ìbàdàn kò lóǹkà, orí odò tóóró mélòó kan sì ni gbogbo wọn ń da tiwọn sí.

Nínú ìwé, òpó márùn-ún tó: ọjọ́, mìlímítà, aago tí òjò bẹ̀rẹ̀, apá ibi tó gbà wọlé, àti irú rẹ̀, ọ̀wààrà ni tàbí àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Kí ó fi ohun tí fóònù sọ ní alẹ́ àná kún un, kí ó lè mọ iye ìgbà tí fóònù náà ń gbà á ní àdúgbò tirẹ̀. Èsúnsún tó ń fò yí gílóòbù ká kò ní láti wọ inú òpó àsọtẹ́lẹ̀, nítorí lẹ́yìn òjò ni wọ́n ń jáde. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí lékèélékèé bá kọ́kọ́ padà wá sí pápá tó bá kọ ọ́, yóò máa rí i lọ́dọọdún bó ṣe súnmọ́ òpin òjò tó. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, kí ó kọ 0 síbẹ̀. Bí àyè bá ṣófo nínú ìwé, lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní lè sọ bóyá ọ̀run ló gbẹ lọ́jọ́ náà ni, tàbí òun ló lọ sóde ìyàwó.